Nukadoko: kíkọ́ ọ láti orí èérí gbígbẹ, àti títún un ṣe nígbà tó bá bàjẹ́

Nukadoko ni èérí ìrẹsì tí a fi omi iyọ̀ pò, tí a jẹ́ kó kan, tí a wá ń rì ẹ̀fọ́ tútù mọ́ inú rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí a tó jẹ ẹ́. Ẹ̀fọ́ tó bá ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní nukazuke. Ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ miso (ẹ̀wà sóyà tí wọ́n jẹ́ kó kan), àwo kékeré kan tí kùkúḿbà àti kárọ́ọ̀tì láti inú nukadoko wà nínú rẹ̀: oúnjẹ ilé Jàpáànì ti pé nìyẹn. Ohun tó ń dun ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da tiwọn nù lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ rùn, nígbà tó jẹ́ pé òórùn yẹn gan-an ló ń sọ ibi tí ìṣòro wà. Àkọsílẹ̀ yìí tẹ̀lé nukadoko kan láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ó fi gbó, lẹ́yìn náà ó tẹ̀lé òmíràn tí wọ́n pa tì nígbà ooru títí ó fi padà bọ̀ sípò.

Ohun tó wọ iṣẹ́ náà

Èérí ìrẹsì kílò 1, iyọ̀ gíráàmù 130, omi lítà 1, ewé òkun kombu méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, àti ata gbígbẹ mẹ́ta tí a ti gbọn hóró inú rẹ̀ kúrò. Ní Kokura, ní ìlú Kitakyushu ní Jàpáànì, níbi tí àwọn ìdílé kan ti ń jogún nukadoko láti ìran dé ìran, wọ́n máa ń fi èso sansho, ìyẹn ata Jàpáànì, sí i, òórùn rẹ̀ sì dára púpọ̀. Ẹni tí kò bá rí sansho kò pàdánù ohun tó lè da iṣẹ́ rú.

Èérí tí à ń sọ ni ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń bọ́ lára ìrẹsì nígbà tí wọ́n bá ń fá a di funfun. Èèpo líle tó wà lóde kọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ rà á níbi tí wọ́n ti ń bó ìrẹsì ọ̀fàdà ní láti wò ó dáadáa, nítorí ẹ̀rọ kékeré tó ń bó èèpo tó sì ń fá ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan náà máa ń da èèpo líle pọ̀ mọ́ èérí. Ẹ fi ajọ̀ tí ojú rẹ̀ wẹ́ jọ̀ ọ́. Èyí tó bá kù lórí ajọ̀, ẹ dà á fún adìyẹ.

Òróró pọ̀ nínú èérí. Láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fá a, òróró náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, èérí á korò, á sì máa rùn bí òróró tó ti pẹ́. Bí kì í bá ṣe ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fá a, ẹ yan án nínú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 5 sí 8, kí ẹ máa rò ó láìdúró, títí tí á fi máa ta sánsán. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń yí padà, iná ti pọ̀ jù. Yíyan yìí ń pa ẹyin kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀, ó sì ń dá bíbàjẹ́ òróró dúró, àmọ́ ó ń pa lára àwọn bakitéríà tó wúlò pẹ̀lú, nítorí náà èyí tí a yan máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó kan. Wọ́n tún ń ta èyí tí wọ́n ti yan sílẹ̀ nínú ọ̀rá ní àwọn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Jàpáànì. Iri-nuka ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ gba ìṣirò. Gíráàmù 130 jẹ́ ìdá 13 nínú 100 èérí náà, àmọ́ tí a bá da èérí, omi àti iyọ̀ pọ̀, gíráàmù 2,130 ni gbogbo rẹ̀, iyọ̀ sì wá jẹ́ nǹkan bí ìdá 6 nínú 100. Nọ́ńbà kejì yìí ni kí ẹ máa fi sọ́kàn. Gbogbo ẹ̀fọ́ tó bá wọlé ló ń gbé iyọ̀ jáde, tó sì ń fi omi tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà bí a ti ń lò ó ni iyọ̀ ń lọ sílẹ̀. Bó bá ti rẹlẹ̀ ju 5 lọ, ìwúkàrà àti àwọn bakitéríà tí a kò fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àyè.

Abọ́ tánganran onídẹ́rí tó gba lítà 4 sí 5 ló dára jù. Ike tó nípọn náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òórùn kì í kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe lo álúmíníọ̀mù: iyọ̀ àti kíkan á jẹ ẹ́ lára. Ohun tó wà nínú abọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ kò ní lè dé ìsàlẹ̀ láì da èérí sílẹ̀, ẹni tó ń rò ó á sì máa fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀.

Ọjọ́ 1: pípò

A sè omi náà kó hó kí klóríìnì inú omi ẹ̀rọ lè fò lọ, a da iyọ̀ sí i, a rò ó títí ó fi yọ́, a sì jẹ́ kó tutù kó má ju 40°C lọ. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ la kọ́kọ́ dà sí èérí. Èérí kan ń mu omi ju èkejì lọ, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni ìyókù ń wọlé.

Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan kí ẹ fún un. Bí omi bá yọ díẹ̀ láàárín ìka láì kán sílẹ̀, tí èérí náà sì dúró bí ìkúùkù nígbà tí ẹ bá ṣí ọwọ́, ó tó. Bó bá fọ́ káàkiri, ó ṣì gbẹ. Bí omi bá ń kán tó tó, ó ti rọ̀ jù, ẹ̀fọ́ á sì tún fi omi kún un lọ́la. Ìsàlẹ̀ á di ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò lè dé. Bí omi iyọ̀ bá ṣẹ́ kù, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò, torí èérí á ṣì máa mu omi títí di ọjọ́ kejì, ẹ ó sì rí i pé ó ti le ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni kombu àti ata wọlé, ẹ̀yìn wọn ni ewé òde kábéèjì, orí kárọ́ọ̀tì àti ewé daikon (rádíṣì funfun gígùn ti Jàpáànì), àpapọ̀ wọn tó nǹkan bíi gíráàmù 100. Àwọn ẹ̀fọ́ wọ̀nyí kì í ṣe fún jíjẹ. Bakitéríà tó ń mú nǹkan kan wà lára ewé wọn, omi àti ṣúgà inú wọn sì ni oúnjẹ rẹ̀, nítorí náà ẹ kàn fi omi ṣàn wọ́n ni, ẹ má ṣe fi iyọ̀ tàbí ọtí kíkan fọ̀ wọ́n. Bí ẹnì kan bá lè fún yín ní ẹ̀kúnwọ́ nukadoko tirẹ̀ tó ti gbó, ẹ gbà á kí ẹ pò ó mọ́ ọn. Ó máa ń gé ọjọ́ ìdúró kúrú gan-an.

Apá tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò ni ògiri abọ́. Nígbà tí ẹ bá ti tẹ ojú èérí náà pẹlẹbẹ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, ẹ máa rí i pé èérí tín-ín-rín lẹ̀ mọ́ ògiri lókè, ó sì há sí ibi tí ìdérí àti etí abọ́ ti ń pàdé. Eléyìí kì í ríbi lọ nígbà tí a bá ń rò. Ibẹ̀ ló máa wà, afẹ́fẹ́ yí i ká, omi tó ń lá lábẹ́ ìdérí sì ń rin ín. Ibẹ̀ ni nukadoko ti máa ń kọ́kọ́ bu. Ẹ mú aṣọ mímọ́ tí ẹ ti fún gbẹ, ẹ fà á yí ògiri ká lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi igun rẹ̀ nu abẹ́ ìdérí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá rò ó ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 2 sí 14: dídúró dè é

Bí yàrá bá wà láàárín 20°C sí 25°C, ó ń gba ọjọ́ 10 sí 14. Lákòókò òtútù ó lè gba oṣù kan. À ń rò ó láàárọ̀ àti lálẹ́, ọwọ́ mímọ́ tí kò ní òrùka, láti ìsàlẹ̀ wá sókè.

Ìdí tí a fi ń rò ó nìyí. Lójú òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ pọ̀ sí, ìwúkàrà ló ń gbé, òun ló sì ń ta awọ funfun. Àárín jẹ́ ti bakitéríà lactic, tó ń mú un kan, tó sì ń fún un ní adùn. Òun ni a ń kọ́ ilé fún. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, àwọn tó ń ṣe butyric acid ló wà níbẹ̀, òórùn wọn sì dà bíi ti ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Tí a bá yí òkè sísàlẹ̀, ìwúkàrà pàdánù afẹ́fẹ́. Tí a bá yí ìsàlẹ̀ sókè, afẹ́fẹ́ á kọlu àwọn tó kórìíra rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ṣíbí rò ó lókè nìkan ti gbin ìṣòro sí ìsàlẹ̀, bó ti wù kó máa rò ó déédéé tó.

Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, òórùn èérí tútù nìkan ló ń jáde. Láàárín ọjọ́ kẹrin sí ìkeje, òórùn koríko tó ti ń rà lè yọ, nígbà mìíràn ó máa ń le. Àkókò tí kíkan kò tíì tó láti lé àwọn bakitéríà yòókù lọ ni. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò nínú rẹ̀, ẹ máa rò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni a ń yọ ewé kábéèjì, tí a ń fún omi rẹ̀ padà sínú èérí, tí a sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Títí dé ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin, òórùn á ti yí padà: ó kan, ó sì ní adùn díẹ̀ nínú bíi ti èso. Ẹni tó bá ní bébà tí wọ́n fi ń wọn pH, ìyẹn bí nǹkan ṣe kan tó, á rí i pé ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí àárín 4 sí 4.6. Ẹ tọ́ ewé kábéèjì tó gbẹ̀yìn wò. Bí iyọ̀ nìkan ló kan ahọ́n, kò tíì gbó. Bí kíkan bá tẹ̀lé iyọ̀ náà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀fọ́ àti wákàtí rẹ̀

Kùkúḿbà: ẹ gé orí àti ìdí rẹ̀, ẹ fi ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ pa á lára títí ara rẹ̀ á fi rin, ẹ rì í mọ́lẹ̀ pátápátá. Ní 25°C, wákàtí 8 sí 12. Kárọ́ọ̀tì tí a là sí méjì gba wákàtí 18 sí 24, daikon tí a là sí mẹ́rin gba ọjọ́ kan. Ilá náà ń wọ inú nukadoko ní Jàpáànì, ó sì dùn ju bí ẹni tí kò tíì jẹ ẹ́ rí ṣe lè rò lọ: ẹ fi iyọ̀ pa irun ara rẹ̀ dànù, ẹ má ṣe gé orí rẹ̀ wọnú, kí omi má bàa wọlé, wákàtí 6 sí 10 sì ti tó.

Ìgbá ẹlésè-àlùkò ló ń yọni lẹ́nu, nítorí àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí kúrò, á sì di rẹ́súrẹ́sú. Iyọ̀ ṣíbí kékeré kan tí a pò mọ́ álọ́ọ̀mù gbígbẹ tó kàn gba orí èékánná ni kí ẹ fi pa á lára kó tó wọlé. Álúmíníọ̀mù inú álọ́ọ̀mù á so mọ́ àwọ̀ náà, á sì dì í mú. Àwọn kan ń rì ìṣó irin mọ́ inú nukadoko fún iṣẹ́ kan náà. Álọ́ọ̀mù mọ́ ju ìyẹn lọ, kì í sì í dípẹtà.

Ohun tó ń wọ inú ẹ̀fọ́ náà kọjá iyọ̀ àti kíkan. Ní Edo, ìlú tó di Tokyo, àìsàn beriberi mú àwọn tó ń jẹ ìrẹsì funfun débi pé àìsàn Edo ni wọ́n ń pè é: ohun tí ara wọn nílò ni wọ́n ń fá dànù pẹ̀lú èérí. Ní 1910, Suzuki Umetaro yọ èròjà tó ń wo àìsàn náà jáde láti inú èérí ìrẹsì, èyí tí a mọ̀ sí vitamin B1 lónìí. Kùkúḿbà tútù gíráàmù 100 ní nǹkan bíi mílígíráàmù 0.03 rẹ̀; èyí tó ti inú nukadoko jáde ní nǹkan bíi 0.26. Iyọ̀ inú rẹ̀ kò kéré o. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di oúnjẹ àjẹyó.

Níbi tí yàrá ìdáná bá ti ń gbóná tó 30°C, bíi Èkó tàbí Ìbàdàn, nukadoko lè gbó láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, bó sì ti gbó bẹ́ẹ̀ ni á máa kan lọ láìdúró. Ẹ gbé e sínú fíríìjì ní kété tó bá ti kan dáadáa, sí apá ibi tí ẹ̀fọ́ ń wà. Rírò á wá di ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta, kùkúḿbà á sì gba ọjọ́ kan gbáko.

Àtúnṣe: nukadoko tí wọ́n pa tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà ooru

Bí a ṣe bá a: awọ funfun tó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà bo ojú rẹ̀, omi aláwọ̀ ilẹ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, òórùn rẹ̀ sì ń ta bíi tínà tí àwọn akunlé ń lò. Kùkúḿbà méjì ti rà sínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé a kò rò ó. Ẹni tó bá rò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ti da ohun tó bàjẹ́ lókè pọ̀ mọ́ èyí tó ṣì dára láàárín. A wo àwọ̀ ná. Awọ funfun tó tẹ́jú, tó sì dùn ún kó bí awọ orí mílíìkì, ìwúkàrà ni. Bó bá jẹ́ pé ó hu irun, tó dúdú, pupa tàbí aláwọ̀ ewé, tí àwọ̀ yẹn sì ti wọ inú lọ, tàbí tó ń rùn bí ẹran tó jẹrà, tàbí tí ìdin wà nínú rẹ̀, ẹ dà á nù láì ronú lẹ́ẹ̀mejì. Eléyìí funfun pátápátá.

A fi ṣíbí bó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta òkè kúrò, a sì yọ kùkúḿbà náà pẹ̀lú kombu àtijọ́. Ìyókù la dà sínú ọpọ́n mímọ́. Àárín rẹ̀ ní àwọ̀ tó dára, ó ń kan. Ìsàlẹ̀ ló ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀. A tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ fún ìdajì wákàtí kí afẹ́fẹ́ lè kàn án, a sì fi omi gbígbóná fọ abọ́, a jẹ́ kó gbẹ.

Gíráàmù 1,400 ló kù. Nítorí omi tó wà lára rẹ̀, a gbà pé iyọ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 4 nínú 100, ìyẹn gíráàmù 56. A fi èérí yíyan gíráàmù 300 àti iyọ̀ gíráàmù 40 kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ di gíráàmù 1,740, iyọ̀ sì di 96, tí í ṣe ìdá 5.5 nínú 100. Èérí gbígbẹ náà ló mu omi tó dúró sílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn láti fi kọ́ọ̀bù kékeré tẹ ihò sáàárín rẹ̀ kí wọ́n sì máa bu omi dànù. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ àti adùn ni wọ́n ń bù dànù yẹn. Èérí tuntun sàn jù.

Ìyẹ̀fun músítádì ṣíbí ńlá kan wọlé pẹ̀lú, nítorí pé títa rẹ̀ ń dí ìwúkàrà lọ́wọ́. Kíkan náà ti pọ̀ jù, nítorí náà a sè èèpo ẹyin kan fún ìṣẹ́jú 10, a bó awọ inú rẹ̀ kúrò, a jẹ́ kó gbẹ, a gún un kúnná, a sì pò ó mọ́ ọn. Ẹfun inú èèpo náà ń pa kíkan. Awọ inú yẹn ṣe pàtàkì láti bó, torí pé tí ẹ bá fi í sílẹ̀, á jẹrà níbẹ̀. Kombu tuntun kan àti ata méjì ló kẹ́yìn.

Ọjọ́ 2: tínà ṣì ń rùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kò gbọ́ ọ mọ́. Abọ́ wà nínú fíríìjì, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni a ń rò ó. Rírò ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lóòjọ́ kì í yá àtúnṣe: afẹ́fẹ́ àpọ̀jù ń bọ́ ìwúkàrà tí à ń lé, ó sì ń dá bakitéríà lactic dúró.

Ọjọ́ 4: awọ tín-ín-rín padà yọ. A rò ó wọlé láì bó o, nítorí bó bá ti tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, kò ní ṣe nǹkan kan nísàlẹ̀. Òórùn ìbọ̀sẹ̀ ti lọ pátápátá.

Ọjọ́ 6: èérí náà rọ̀ bí ó ti yẹ, kò sí omi lójú rẹ̀. A gbé e jáde sí 22°C, a sì rì ewé kábéèjì gíráàmù 80 mọ́ ọn.

Ọjọ́ 9: a yọ kábéèjì, a tọ́ ọ wò. Iyọ̀ kọ́kọ́ kàn án, kíkan tẹ̀ lé e, títa músítádì sì wà lẹ́yìn wọn díẹ̀. A fi kábéèjì mìíràn rọ́pò.

Ọjọ́ 12: kùkúḿbà àkọ́kọ́, wákàtí 9. Inú rẹ̀ ń dún lẹ́nu, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́. Láti ibi yìí lọ, lẹ́yìn ẹ̀fọ́ tó tó kílò kan, a ń fi èérí gíráàmù 100 àti iyọ̀ gíráàmù 10 kún un, kí iyọ̀ má bàa tún sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, kó yọ gbogbo ẹ̀fọ́ kúrò, kó fi nukadoko sínú ọ̀rá tó ṣeé dì, kó sì gbé e sínú firísà. Òtútù kì í pa àwọn bakitéríà náà tán. Tó bá dé, ọjọ́ méjì níta àti kábéèjì ẹ̀ẹ̀kan á jí i.

Èyí tó bá pọ̀ jù

Bí a ti ń fi èérí kún un ni abọ́ ń kún, Kokura sì ti rí ọ̀nà lò ó: nukadaki, ẹja tí wọ́n fi nukadoko sè. Ẹja makẹrẹ́ẹ̀lì tàbí sàdíìnì gíráàmù 400, omi mílílítà 200, ọtí sake mílílítà 100, sọ́ọ̀sì sóyà ṣíbí ńlá méjì, ṣúgà ṣíbí ńlá méjì, mirin (ọtí ìrẹsì dídùn tí wọ́n fi ń se oúnjẹ) ṣíbí ńlá méjì, àti atalẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́. Ẹ kọ́kọ́ da omi gbígbóná lé ẹja lórí kí ìdọ̀tí àti ẹ̀jẹ̀ lè kúrò. Ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 20 lórí iná kékeré, ẹ wá po nukadoko ṣíbí ńlá mẹ́ta mọ́ omi inú ìkòkò, kí ẹ sì tún sè é fún ìṣẹ́jú 20 títí omi rẹ̀ á fi ki. Bí nukadoko bá wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, á jó mọ́ ìdí ìkòkò kí ẹja tó jinná. Ẹ má sì ṣe lo èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èèpo ẹyin tún ṣe, nítorí èèpo náà á máa ha láàárín eyín.